Bí Mo Ṣe Fi PDF Sọ Ìyá Ọ̀rẹ́ Mi Di Aya Ọlọ́pàá

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, ẹ wá àga fìdí lé. Èmi fúnra mi ti bẹ̀rẹ̀ kí ẹ tó dé.

Ọmọ́bọ́lá lorúkọ mi. Mo ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà ní Ọyẹ́-Èkìtì, lójú ọ̀nà tó lọ sí yunifásítì. Mo ń tẹ iṣẹ́ àṣekágbá fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí kò tíì ka ohun tí wọ́n ní àwọn kọ. Mo ń tẹ káàdì ìgbéyàwó fún àwọn olùkọ́ tí wọ́n fẹ́ kí "Dókítà" tiwọn tóbi ju orúkọ ìyàwó lọ.

Ṣùgbọ́n ìwé ètò ìsìnkú ni iṣẹ́ tó gbé orúkọ mi jáde. Láyìíká wa níbí, bí òkú bá lọ láìní ìwé tó ń dán, tí òdòdó yí etí rẹ̀ ká, àwọn ará ilé á ní àwọn ọmọ rẹ̀ ò ṣe ojúṣe wọn. Èmi ni mo sì mọ ọ̀rọ̀ ìdágbére kọ jù. Bí ahun bá kú, tí mo bá kọ ọ́ tán, àwọn tó ti tọrọ nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀ tí kò fún wọn, àwọn gan-an ni yóò sunkún jù.

Lọ́dún tó kọjá, kọ̀ǹpútà mi kú. Ó kú pátápátá, ó sì gbé gbogbo fáìlì mi dání lọ. Ohun tó kù sí mi lọ́wọ́ ni àwọn PDF tí mo ti fi ránṣẹ́ sí àwọn oníbàárà lórí Wásáàpù. Ẹ̀yin tí ẹ ò mọ̀, PDF dà bíi fọ́tò ìgbéyàwó. Ẹ lè máa wò ó títí. Ẹ ò lè pààrọ̀ ọkọ tó wà nínú rẹ̀.

Ni mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í wá sọ́fítíwìà tí yóò sọ PDF padà di ohun tó ṣeé tún tẹ̀. Opó tó ń wá ọkọ ò wá a kiri tó mi.

Èyí tí mo kọ́kọ́ rí wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ọ̀fẹ́ ni. Ẹnu rẹ̀ dùn. Ó ní kí n ṣáà gbé fáìlì mi wá, kí n má mikàn. Mo gbé e fún un, mi ò sì mọ ibi tó gbé e lọ títí di òní. Èkejì dára lójú. Ó gbé ìwé náà jáde bó ṣe wà gẹ́lẹ́, pẹ̀lú òdòdó àti fọ́tò. Ìgbà tí mo fẹ́ pa lẹ́tà kan rẹ́, kò ṣeé pa rẹ́. Àwòrán ló yà! Ó rẹwà, kò ṣeé bá sọ̀rọ̀.

Ìkẹta ló wá ṣe iṣẹ́. Ó wúwo, ó ń fà, kò ní ẹwà kankan. Ṣùgbọ́n gbogbo ohun tó bá wà nínú PDF, á kó o síta fún ẹ, kódà èyí tó bá sá sábẹ́ nǹkan mìíràn. Mo sọ ọ́ ní Atúlẹ̀.

Mo ti mọ ọkùnrin díẹ̀ láyé mi ní Èkó. Mi ò rí èyí tó kọjá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí.

Wàhálà Atúlẹ̀ ni pé bó bá tú u tán, ìwọ lo máa tò ó. Òdòdó á bọ́ sí àárín ọ̀rọ̀, fọ́tò á sùn sórí orin. O ní láti jókòó, kí o kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀. Sùúrù nìyẹn ń fẹ́, ọjọ́ tí wọ́n sì ń pín sùúrù, ó jọ pé mo lọ ra kírẹ́dìtì.

Mo bá rí ọ̀nà àbùjá. Mo fi PDF sílẹ̀ bó ṣe wà. Mo ya pátákó funfun kékeré kan bo orúkọ òkú àtijọ́, mo tẹ orúkọ òkú tuntun lé e lórí. Bí ó bá jáde lórí bébà, ẹni tó wọ awò ojú gan-an ò lè mọ̀.

Ọ̀rọ̀ ìdágbére tó dùn jù nínú gbogbo èyí tí mo kọ láyé mi, Bàbá Joshua Akínyẹmí ni mo kọ ọ́ fún, ọlọ́pàá tó ti fẹ̀yìn tì ní Ìkọ̀lé. Ìyẹn, mo làágùn sí i. Nígbà tó yá, Màmá Comfort Ọláyíwọlá kú ní Ayégbajú. Mo tẹ́ pátákó funfun sórí Bàbá Joshua àti ibi tí mo ti dárúkọ ọlọ́pàá, mo tẹ́ Màmá Comfort lé e. Wọ́n kà á ní ṣọ́ọ̀ṣì, gbogbo èrò bú sẹ́kún. Mo jókòó lẹ́yìn, mò ń yangàn.

Ìgbà yẹn ni ìyá Felicia wá kú.

Felicia lọ̀rẹ́ mi. Ìyá rẹ̀, Màmá Adérìnsọ́lá Ẹlúyẹmí, ló ni ilé tí ṣọ́ọ̀bù mi wà níwájú rẹ̀. Nígbà tí mo dé láti Èkó pẹ̀lú báàgì kan àti ẹnu gbọ̀ọ̀rọ̀, Màmá ló ní kí n palẹ̀ yàrá iwájú mọ́, kí n gbé ẹ̀rọ mi síbẹ̀.

Felicia wá bá mi, ojú rẹ̀ ti wú.

"Ọmọ́bọ́lá, ọ̀rọ̀ ìdágbére kan wà tí mo fẹ́ kó jẹ́ tìẹ, lórúkọ ara rẹ. Jọ̀ọ́, má kọ ohun tí ò ń kọ fún gbogbo ayé."

"Háà! Felicia! Irú ọ̀rọ̀ wo nìyẹn? Ṣé kì í ṣe ìyá tèmi náà ni?"

Mo sunkún. Ẹ jọ̀ọ́, ẹkún yẹn, òótọ́ ni. Ohun tó tẹ̀lé e ni kì í ṣe òótọ́.

Ọ̀sẹ̀ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń fi iṣẹ́ àṣekágbá sílẹ̀ ni. Wọ́n tò lẹ́nu ọ̀nà mi bí ẹni tó ń retí ìrẹsì ìjọba. Mo jókòó lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo tẹ "Màmá". Mo wò ó. Mo dìde, mo lọ ra àkàrà. Mo padà dé, "Màmá" náà ṣì ń wò mí.

Ojú mi bá lọ sórí PDF Màmá Comfort. Òdòdó rẹ̀ tutù yọ̀yọ̀. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti ń sunkún fúnra rẹ̀ kí ènìyàn tó dé ibẹ̀. Mo ní, àní kí n kàn yá egungun rẹ̀ lò, màá fi ẹran tuntun sí i lára.

Ẹran wo? Orúkọ nìkan ni mo pààrọ̀.

Kí ẹ lè mọ bí ìwà mi ṣe burú tó: Màmá Adérìnsọ́lá àti Màmá Comfort ò kí ara wọn. Àwọn méjèèjì ló fẹ́ jẹ Ìyá Ìjọ. Ọjọ́ tí wọ́n fi Comfort jẹ ẹ́, Màmá kúrò lórí àga tí wọ́n ń jókòó sí, wọ́n lọ sí ìdí òpó, kí wọ́n má baà máa wo fìlà Comfort. Mo mọ̀. Èmi ni Màmá máa ń ṣàpèjúwe fìlà yẹn fún! Síbẹ̀ mo gbé wọn, mo tẹ́ wọn lé Comfort lórí gbáa.

Mo fi í ránṣẹ́ sí Felicia. Ó pè mí, ẹkún ò jẹ́ kó lè sọ̀rọ̀.

"Ọmọ́bọ́lá, o mọ ìyá mi."

"Ta ni ì bá tún mọ̀ wọ́n?" Ẹ wo ẹnu.

Bó bá ṣe pé ó parí síbẹ̀ ni, ẹ ò bá tí gbọ́ nǹkan kan lẹ́nu mi. Ṣùgbọ́n Felicia ní àbúrò ọkùnrin kan ní Èkó, Kọ́ládé. Ẹnjiníà ni. Bí ẹ bá kí i "ẹ káàárọ̀" láìfi Ẹnjiníà kún un, kò ní gbọ́.

Ó pè mí. "Àǹtí Ọmọ́bọ́lá, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ ò fi Ẹnjiníà síwájú orúkọ mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ẹ̀dà tó ṣeé tún tẹ̀ ránṣẹ́, kí n fúnra mi tún un ṣe."

Mi ò ní ẹ̀dà tó ṣeé tún tẹ̀. Ohun tó yẹ kí n sọ ni, "Màá bá ẹ fi sí i, àbúrò mi." Ọ̀rọ̀ ì bá tán. Ṣùgbọ́n kí èmi, ọ̀gá kọ̀ǹpútà, sọ pé nǹkan kan ò sí lọ́wọ́ mi? Mo bá di olùkọ́.

"Kọ́ládé, ẹja ni mo lè fún ẹ, ṣùgbọ́n àwọ̀n ni mo fẹ́ fún ẹ. Ìwọ náà lè tú PDF yẹn fúnra rẹ."

"Mo rí ọ̀kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ọ̀fẹ́ ni."

"Ọ̀fẹ́? Ṣé fọ́tò ìyá rẹ lo fẹ́ gbé fún ẹni tí o kò mọ̀ rí?"

"Rárá o, mà. Ọ̀kan tún wà lórí fóònù mi."

"Àwòrán nìyẹn ń yà! Gbọ́ mi dáadáa." Mo dárúkọ Atúlẹ̀ fún un. "Èyí kì í parọ́. Kì í fi nǹkan kan sílẹ̀. Ohun tó bá wà lábẹ́ gan-an, á hú u jáde."

Ẹ gbà mí o. Ẹnu èmi Ọmọ́bọ́lá ló sọ bẹ́ẹ̀. Mo tún fi ohùn ránṣẹ́ sí i lórí Wásáàpù, mò ń ṣàlàyé ibi tí yóò tẹ̀ àti ibi tí kò gbọdọ̀ tẹ̀. Pé òkú wà lábẹ́ òkú nínú ìwé tí mo ní kó tú, kò tilẹ̀ sọ sí mi lọ́kàn.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, ẹbí péjọ sí ilé ẹbí wọn ní Ayégbajú. Mo wà níbẹ̀. Mo jókòó gẹ́gẹ́ bí ènìyàn pàtàkì, mò ń jẹ iṣu. Bàbá Oyèbánjí, àbúrò ọkọ Màmá, olórí ẹbí, ló jókòó sórí àga ńlá. Àǹtí Modúpẹ́, àbúrò wọn obìnrin, wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Láti ojú fèrèsé, a ń gbọ́ àwọn ọkùnrin tó ń gbẹ́ sàréè lẹ́yìnkùlé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n sin ọkọ Màmá sí.

Kọ́ládé wọlé láti Èkó pẹ̀lú láàpútọ́ọ̀pù lábẹ́ abíyá. Kò kí ẹnikẹ́ni.

"Ta ni Joshua?"

Gbogbo wa wo ara wa.

"Mo ní ta ni Joshua? Mo tú ìwé tí Àǹtí Ọmọ́bọ́lá kọ fún Màmá. Ohun tó wà níbẹ̀ rèé." Ó ṣí ẹ̀rọ, ó kà á sókè: "Màmá Bàbá Adérìnsọ́lá Comfort Joshua, ẹni tí àwọn ọlọ́pàá Ìkọ̀lé kò ní gbàgbé láé."

Mo dá iṣu tó wà lọ́wọ́ mi padà sínú àwo.

Bàbá Oyèbánjí rọra gbé gíláàsì wọn sílẹ̀. "Ọlọ́pàá wo?"

"Bàbá, mi ò mọ̀. Ó wà lábẹ́ ibẹ̀ ni. Wọ́n fi nǹkan funfun bò ó."

"Wọ́n bò ó?" Àǹtí Modúpẹ́ na ọrùn. "Ẹ ẹ̀ rí nǹkan! Mo rántí pé nígbà kan, Ìyá Felicia kì í pa ọjọ́ ọjà Ìkọ̀lé kan jẹ."

"Àǹtí, ọjà ni wọ́n ń lọ ná!" Felicia ti dìde.

"Mo mọ̀ pé ọjà ni. Ṣé mo ní kì í ṣe ọjà? Ṣùgbọ́n ó máa ń kun ojú lọ."

Ẹ wo bí ìrántí ṣe ń yára wá fún ènìyàn tó bá rí etí tó ń gbọ́. Kí a tó pajú pẹ́, ìyàwó ilé kan ti rántí ọkùnrin kan tó fi mọ́tò gbé Màmá wá sílé lọ́dún kan tí òjò pọ̀. Fìlà ọkùnrin náà, ó ní, jọ ti ìjọba.

Mo wá ohùn mi rí. "Ẹ má dá a lóhùn. Fáírọ́ọ̀sì ni."

"Fáírọ́ọ̀sì tó ń jẹ́ Joshua?" Kọ́ládé yíjú sí mi. "Àǹtí, ẹ̀yin lẹ ní sọ́fítíwìà yìí kì í parọ́. Ohùn yín nìyí." Ó sì fi í síta níbẹ̀, ohùn mi ń dún gbọin-gbọin nínú yàrá: kì í fi nǹkan kan sílẹ̀, ohun tó bá wà lábẹ́ gan-an, á hú u jáde.

Bàbá Oyèbánjí mi orí. "Ọmọ́bọ́lá mọ iṣẹ́ rẹ̀. Bó bá ní kì í parọ́, kì í parọ́." Wọ́n yọjú sójú fèrèsé. "Ẹ̀yin tó wà níbẹ̀ un, ẹ fi ṣọ́bìrì sílẹ̀! Mi ò lè sin aya ọlọ́pàá sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀gbọ́n mi. Kí Joshua wá gbé òkú rẹ̀ lọ sí Ìkọ̀lé."

Ìró ṣọ́bìrì dákẹ́.

Ó yẹ kí n là á mọ́lẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó wà lọ́kàn mi ní wákàtí yẹn, kí ẹ lè kórìíra mi dáadáa. Mo ń rò ó pé bí mo bá dákẹ́, bóyá wọ́n á jà á tán láàárín ara wọn. Bóyá ẹbí á fi bò ó. Màmá ti kú, orúkọ ò lè dùn wọ́n mọ́. Èmi ni mo ṣì ní ṣọ́ọ̀bù.

Felicia wá yíjú sí mi. Kò bínú. Ìyẹn ló burú jù níbẹ̀.

"Ọmọ́bọ́lá, ìwọ lo kọ ọ́. Ṣé Màmá sọ nǹkan kan fún ẹ tí wọn ò sọ fún èmi?"

Ó gbà mí gbọ́ débi pé ó ti ń ronú pé èmi ni ìyá òun fi ọ̀rọ̀ àṣírí lọ̀, kì í ṣe òun. Mo wo ojú rẹ̀. Ẹsẹ̀ mi gbé mi dìde fúnra rẹ̀.

"Màmá ò mọ Joshua. Joshua ò mọ Màmá. Èmi ni mo so wọ́n pọ̀."

Mo ṣí fóònù mi, mo gbé ìwé ìsìnkú Bàbá Joshua lé Bàbá Oyèbánjí lọ́wọ́. Fọ́tò wọn wà níwájú, irunmú gbọ̀ọ̀rọ̀, fìlà ọlọ́pàá. Mo ní, "Ẹ yí i sókè, ẹ kà á." Wọ́n kà á. Ọ̀rọ̀ kan náà ni, bó ṣe rí gẹ́lẹ́. Mo ṣàlàyé pátákó funfun. Mo ṣàlàyé àkàrà gan-an.

Bàbá Oyèbánjí wo fọ́tò náà pẹ́. "Háà," ni wọ́n wí. "Ọkùnrin yìí ò tiẹ̀ wu ènìyàn." Wọ́n padà sójú fèrèsé. "Ẹ máa gbẹ́ ẹ lọ!"

Gbogbo yàrá mí kanlẹ̀. Mo rò pé ó parí.

"Comfort ńkọ́?" Felicia ló sọ̀rọ̀. "Joshua, mo ti gbọ́. Ta ni Comfort?"

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í palẹ̀ àwo iṣu mọ́.

"Ọmọ́bọ́lá. Comfort wo?"

"Ọláyíwọlá," ni mo wí, ní wúyẹ́wúyẹ́.

Àǹtí Modúpẹ́ lọgun débi tí ewúrẹ́ fi sá jáde ní ẹ̀yìn ilé. "Comfort?! O gbé ìyàwó wa lé Comfort lórí? Comfort tó gba àga mọ́ ọn lọ́wọ́!" Ẹ má bínú o, ó dà bíi pé wọn ì bá fara mọ́ ọlọ́pàá.

Kọ́ládé ń fi láàpútọ́ọ̀pù bo ẹnu, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Felicia ò rẹ́rìn-ín, kò sì pariwo.

"Mo bẹ̀ ẹ́," ni ó wí. "Nǹkan kan ṣoṣo ni mo bẹ̀ ẹ́." Ó wọlé, ó ti ilẹ̀kùn.

Ẹ̀yin òǹkàwé, bí ẹ bá ń wá sọ́fítíwìà tí yóò tú PDF fún yín, ẹ má ṣe bi mí. Kì í ṣe pé mi ò mọ̀ ọ́n mọ́. Mo mọ̀ ọ́n jù. Ẹ kàn kọ́kọ́ bi ara yín ohun tí ẹ tẹ́ sábẹ́ tiyín ná.

Wọ́n gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi. Ìdó-Èkìtì ni Kọ́ládé lọ tẹ ìwé náà, Ẹnjiníà wà ní gbogbo ojú ewé bí iyọ̀. Ọjọ́ ìsìnkú, mo lọ. Mo jókòó sẹ́yìn pátápátá, níbi tí mo ti máa ń yangàn. Ẹnì kan gbé ìwé fún mi.

Mo ṣí i. Ní àárín, àkọlé kan wà, ó tóbi, ó dúdú: Ọ̀rọ̀ Ìdágbére Láti Ọwọ́ Ọmọ́bọ́lá, Ọ̀rẹ́ Ẹbí.

Abẹ́ rẹ̀ ṣófo. Kò sí ọ̀rọ̀, kò sí òdòdó, kò sí àmì kan. Ojú ewé odindi.

Mo gbọ́ bí bébà ṣe ń ṣí lápá ọ̀tún àti lápá òsì. Olùkọ́ kan tó jẹ́ oníbàárà mi gbé tirẹ̀ sókè sí ìmọ́lẹ̀. "Màdáámù, ṣé yíǹkì ló tán ni?"

"Rárá, sà. Bí mo ṣe kọ ọ́ nìyẹn."

Títí ìsìn fi parí, mo ń sọ ọ́. Bí mo ṣe kọ ọ́ nìyẹn, mà. Bẹ́ẹ̀ ni, bí mo ṣe kọ ọ́ nìyẹn. Ìgbà tó yá, mo kàn ń mi orí.

Nígbà tí wọ́n sin Màmá tán, ìyá arúgbó kan fi ọ̀pá wá mi kàn lábẹ́ àtíbàbà. Ọ̀rẹ́ Màmá láti ìgbà ọmọge ni, Ìpáò ni wọ́n ti wá. Ojú wọn ti funfun.

"Ọmọ, ùwọ ni Ọmọ́bọ́lá? Wọ́n ní o kọ nǹkan sí ọ̀rẹ́ mi. Láti ulé ni mo ti ń ronú rẹ̀. Kà á fún mi. Ojú mi ò ríran mọ́."

Wọ́n jókòó tì mí, wọ́n sì gbé ìwé náà lé mi nítan. Wọ́n ti ṣí i síbẹ̀, ẹnì kan ti bá wọn ṣí i.

Mo lè sọ pé yíǹkì tán. Mo lè ka ti Bàbá Joshua láìwòwé. Mo mọ̀ ọ́n lórí bí orúkọ mi. Mo mú bébà náà dání, mo wò ó, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà.

"Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí ṣọ́ọ̀bù, ẹnikẹ́ni ò wọlé. Màmá á wá lọ́sàn-án, wọ́n á ní oòrùn pọ̀ lẹ́yìnkùlé, wọ́n á jókòó sórí àga oníbàárà. Wọ́n á mú bébà kan dání bí ẹni tó fẹ́ tẹ nǹkan. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé wọ́n fẹ́ kí àwọn tó ń kọjá rí i pé ènìyàn wà níbẹ̀ ni."

"Hẹn-ẹ́n," ni ìyá náà wí.

"Bí àwọn oníná bá wá gé iná, Màmá á gbé àpótí lọ sí ìdí òpó, wọ́n á jókòó, wọ́n á ní ẹni tó bá láyà kó gùn ún gba orí àwọn. Wọ́n a máa bú ènìyàn. Wọ́n bú mi lójoojúmọ́. Wọ́n á bú mi tán, wọ́n á bi mí pé kí ni mo jẹ."

"Òun gan-an nìyẹn!" Ìyá náà fi ọ̀pá lu ilẹ̀. "Abúnibúni ni! Ṣé ó parí?"

"Ó kù, mà."

"Máa kà á."

Mò ń kà á lọ, ojú ewé funfun náà ti rin ní ọwọ́ mi, nígbà tí mo gbọ́ ohùn Felicia lẹ́yìn mi. Láti ọjọ́ tó ti ti ilẹ̀kùn, kò tíì bá mi sọ ọ̀rọ̀ kan.

"Ọmọ́bọ́lá. Àwọn tó wà lábẹ́ igi ọsàn un ò tíì rí omi mu."

Mo yára dìde. Ìyá Ìpáò di aṣọ mi mú. "Ta nìyẹn? Kò tíì kà á tán!"

Mi ò mọ ìgbà tí Felicia ti wà níbẹ̀. Ó wo ìwé tó wà lọ́wọ́ mi, ó wò mí. Ojú rẹ̀ pọ́n, imú rẹ̀ ń ṣàn, kò sì nu ún.

"Kà á tán ná," ni ó wí. "Omi ò ní sá lọ."